Òkúta Tó Wà Nínú Iwe Adìyẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹyẹ ilẹ̀ ṣì ń sin ọba kan ṣoṣo, wọ́n gba adé Ẹtù, wọ́n gbé e fún Àkùkọ.

Ẹtù lọmọ ọba. Kí bàbá rẹ̀ tó wàjà, ó kó gbogbo ẹyẹ jọ sí àgbàlá. Ó ní kí kálukú ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, kó gbé e mì, kó fi búra pé Ẹtù ni yóò jọba. Wọ́n gbé e mì. Àkùkọ, ọmọ àbúrò ọba, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì.

Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ lórí ìtẹ́ tó ṣófo. Lọ́jọ́ tí ọba wàjà, Ẹtù ń sàba lórí ẹyin nínú igbó. Ó ránṣẹ́ pé, "Ẹ dákun, ẹyin mi ti fẹ́ẹ́ pa. Ẹ dúró dè mí di àárọ̀ ọ̀la."

Wọn ò dúró.

"Ṣé ìdí ẹyin ni yóò ti máa pàṣẹ?" ni Àkùkọ wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé adé pupa lé e lórí.

Bó ṣe dọba tán, ọkà tí ẹnikẹ́ni bá rí, tiẹ̀ ni. Òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀, ó fi àgógó ẹnu sọ ọ́ lórí.

Inú bí Ẹtù. Ó sì yẹ kó bí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ojú ṣì ń tì í dòní. Ó lọ bá Àṣá.

"Ẹ̀gbọ́n Àṣá, ẹ wá bá mi jà."

"Kò burú. Ohun tí mo bá rí lójú ogun, tèmi ni o."

"Ó dáa," ni Ẹtù wí. Kò tilẹ̀ rò ó.

Ogun bẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, Àkùkọ ṣì ń sùn. Àwọn ẹyẹ pín sí méjì, ìyẹ́ ń fò káàkiri bí òwú. Àṣá ò béèrè ta ni ti Ẹtù, ta ni ti Àkùkọ. Ọmọ ló ń gbé. Nígbà tó gbé ọmọ Ẹtù fúnra rẹ̀, Ẹtù figbe ta: "Tèmi nìyẹn!"

Àṣá dáhùn láti òkè, "Ṣebí ìwọ náà lo pè mí?"

Àgbébọ̀, tí Àṣá kò ṣẹ́ ọmọ kan kù fún, bọ́ sáàárín wọn. "Ó tó! Àkùkọ, o dé adé, o wá ń sùn nígbà tí Àṣá dé. Bí o bá fẹ́ jọba lé wa lórí, ìwọ ni yóò máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o ké sí wa. O ò sì gbọdọ̀ gbé ọkà mì láì pè wá."

"Ṣé ọba lẹ ń bi?" ni Àkùkọ wí.

"Ọba là ń bi!" ni gbogbo ẹyẹ dáhùn.

Àkùkọ wẹ̀yìn, kò rí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ó gbà.

"Adé mi ńkọ́?" ni Ẹtù béèrè.

Kò sẹ́ni tó lè wojú rẹ̀. Gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àkùkọ ti ń kọ ní kùtùkùtù, tó sì ń pe àwọn adìyẹ bó bá rí ọkà. Àṣá tí Ẹtù pè ò padà lẹ́yìn òròmọdìyẹ mọ́. Ẹtù fi ìtìjú wọgbó lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá la iwe adìyẹ, ẹ wò ó dáadáa: òkúta ìbúra wà níbẹ̀, kò dà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ariwo Ẹtù létí igbó nírọ̀lẹ́:

"Èmi ni mo pe Àṣá, mo ti jẹ́wọ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé òkúta bàbá mi mì ńkọ́? Ta ni yóò dá mi lóhùn?"