Ojú Ìjàpá Nínú Fóònù Ọ̀kẹ́rẹ́

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó bà lé fóònù. Ó tún fò, ó bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Nígbà kan, fóònù tuntun dé ìlú àwọn ẹranko. Ọ̀kẹ́rẹ́ ra tirẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bẹ lókè odò, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Ní ìlú wọn, ẹni tó bá ra nǹkan tuntun, àgbà ló ń gbé e fún kó wúre sí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ bá gbé e lọ bá Ìjàpá.

"Bàbá, ẹ bá mi wúre sí i."

"Di ojú ẹ dáadáa. Kò ní bọ́ sómi."

"Àmín."

"Olè ò ní rí i gbé."

"Àmín o!"

Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń ṣàmín, Ìjàpá gbé fóònù síwájú ojú ara rẹ̀. Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ṣẹ́jú. Fóònù gba ojú rẹ̀ bíi kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe ṣe ti Erin náà nìyẹn, àti ti Ìgalà.

Nígbà tí àwòrán ọmọ tuntun wọlé, fóònù kọ̀, kò ṣí. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré padà.

"Ààbò ni mo fi sí i," Ìjàpá wí. "Lọ din àkàrà wá, kí n fojú ṣí i."

"Bàbá, fóònù mi ni!"

"Fóònù tìẹ, ojú tèmi."

Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó lọ ẹ̀wà, kó tó din ín, àwọn yòókù ti tò síwájú. Bí fóònù bá ti ṣí, kò ní pẹ́ tó tún fi máa tì, olówó rẹ̀ á sì tún gbé àkàrà wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kọrin lẹ́yìn wọn. Ẹ gbè é!

Ìjàpá, fojú hàn mí o,
*Ṣí i fún mi!*
Àkàrà rẹ gbóná fẹlifẹli,
*Ṣí i fún mi!*
Ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ rí,
*Ṣí i fún mi!*

Ó kan Ọ̀kẹ́rẹ́ wàyí. Ìjàpá gbójú sókè, fóònù kọ̀. Ó nu òróró ẹnu rẹ̀, fóònù kọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, àkàrà ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú. Kò mọ̀ yín mọ́."

"Kí lo wí?" Erin bú ramúramù. "Tèmi ńkọ́?" Ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà pa. "Ìjàpá, o ò ní fẹnu kan nǹkan kan títí ojú yìí á fi rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Erin, jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré. Èyí tó jóná yẹn."

"Panu mọ́!"

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n jẹ àkàrà náà tán lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ìjàpá rù tán, fóònù dá a mọ̀. Ó ṣí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkálukú sì fi ojú ara rẹ̀ rọ́pò tirẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo àwòrán títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo imú! Ti bàbá ẹ̀ gan-an ni!"

Láti ọjọ́ náà, bí Ìjàpá bá ti gbúròó ẹsẹ̀, kíá ló ń fa orí wọnú ìkarahun. Ó rò pé wọ́n tún gbé fóònù dé ni.

Bí mo bá purọ́, kí fóònù mi wò mí lójú lọ́la, kó ní òun ò mọ̀ mí.