Bí Akínjọbí Ṣe Jáde Nínú Odò Ìṣàlú

Akínjọbí jẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn abà tó wà létí odò Ìṣàlú. Iṣu ni gbogbo wọn ń gbìn níbẹ̀, àáró ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́: bí wọ́n bá kọ ebè ní oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la. Nígbà tí oko Akínjọbí wá tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé wọn kì í fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ fún òun, pàápàá Fátókí tí wọ́n jọ pààlà, tó máa ń pẹ́ dé. Fátókí ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

"Ẹsẹ̀ yín kì í dùn yín bí iyán bá délẹ̀," ni Akínjọbí sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Olórí àáró, Bàbá Ọ̀ṣúndélé, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ.

"Bàbá, ẹ má kà mí mọ́ yín mọ́," ni èsì rẹ̀. "Mo lè dá ṣe tèmi."

Ó sì dá ṣe é lóòótọ́. Alágbàṣe ló ń gbà. Bí ó bá pàdé Fátókí lójú ọ̀nà, ó máa ń gbé ojú sápá kan.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó fẹ́ sun ìgbẹ́ tó ṣán. Àṣà wọn ni pé kí àwọn aládùúgbò jọ ro etí oko mọ́ yíká kí iná má baà kọjá. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, rán an létí, ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe ti lọ sílé, Akínjọbí kò sì lè lọ bẹ àwọn tó ti já sílẹ̀. Òun nìkan ló ṣáná sí i.

Afẹ́fẹ́ yí padà. Iná fò sí oko Fátókí, ó mú àká iṣu rẹ̀. Akínjọbí sá wọ inú èéfín, ó ń fi ewé lu iná náà, títí iná fi ràn mọ́ ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀. Ó já wọn bọ́, ó sì bẹ́ sódò.

Ẹ̀yìn koríko etídò ló lúgọ sí, omi mù ún dé ọrùn. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ará abà tí wọ́n ń bọ́ dàńṣíkí wọn, tí wọ́n ń rì wọ́n bọmi, tí wọ́n fi ń lu iná. Nígbà tí iná fi máa kú, dàńṣíkí wọn ti di èérún.

Fátókí ló rí i. Akínjọbí retí èébú, kò gbọ́ ọ.

"Jáde wá, òtútù á mú ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí aṣọ lára mi. Ẹ jẹ́ kí n kú síbí."

Fátókí wo ẹ̀yìn. Ṣòkòtò nìkan ló kù nídìí kálukú, ọjọ́ ọjà sì ni. Obìnrin kún ojú ọ̀nà. Ó wọ odò, ó di Akínjọbí lọ́wọ́ mú. "Ẹ wá yí i ká," ni ó sọ fún àwọn yòókù.

Èjìká kan èjìká ni wọ́n fi sìn ín lọ sílé, òun láàárín. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà bèèrè ohun tí wọ́n ń gbé lọ, Bàbá Ọ̀ṣúndélé dáhùn pé, "Ará wa ni." Kò sẹ́ni tó rí ìhòòhò rẹ̀. Síbẹ̀, kò lè gbórí sókè, ibi tí ojú rẹ̀ sì wà ni ẹsẹ̀ Fátókí níwájú rẹ̀, tó wú bí iṣu, tí Fátókí ń wọ́ nílẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Nígbà tó ṣe, ó kó iṣu inú àká tirẹ̀ fún Fátókí, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àáró. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ní mo lè dá ṣe tèmi. Ọjọ́ tí mo wà níhòòhò, ẹ̀yin ni mo wọ̀ délé."

Wọ́n fà á dìde. Gbólóhùn tó sọ yẹn kò kúrò létí àwọn àgbà ibẹ̀, òun ni wọ́n sì sọ di òwe tí wọ́n ń pa títí dòní pé: èèyàn laṣọ.