Ọ̀jẹ́dòkun, Olè Ojú Agbo

Eléré méje ni ó wà nínú ẹgbẹ́ Ọ̀jẹ́kúnlé láyé àtijọ́, wọn a sì máa rìn láti ìlú dé ìlú. Àwọn mẹ́fà ń lo ìbòjú tí a fi igi gbẹ́: ọba, ọdẹ, ọ̀mùtí, arúgbó, ìyàwó tuntun, àti ìyá ìyàwó. Ẹni keje, Ọ̀jẹ́dòkun, ni olè. Olè kì í lo ìbòjú. Ẹfun lásán ni ó fi ń kun ojú, òun ni ó sì máa ń jáde gbẹ̀yìn, kí wọ́n lè lé e yí agbo ká, kí eré parí pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ogún ọdún ni ó fi ṣe olè. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn obìnrin á di etí aṣọ wọn mú bí ó bá sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú tirẹ̀ nìkan ni ayé mọ̀, kò ríbi sá sí. Bí ó bá dé ọjà, ọlọ́ṣẹ a kó ọṣẹ rẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọdé a tẹ̀ lé e: "Olè, kí lo jí lónìí?"

"Oorun yín ni," ni ó máa ń dá wọn lóhùn, wọn a sì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fi rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ó ṣì ń rákòrò. Ọ̀jẹ́dòkun ni ó pọ̀n ọ́n kiri, tí ó ń dirun fún un, tí ó sì ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀ bí ó bá sùn. Ní báyìí, Lánipẹ̀kun ará Ìgbó-Ọdán fẹ́ fi Àyọ̀ká ṣaya, ṣùgbọ́n Tinúadé, ìyá Lánipẹ̀kun, kọ̀ jálẹ̀.

"Ọmọ olè kò ní dáná nílé mi. Ohun téèyàn bá fi ogún ọdún ṣe, ṣé kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ ni?"

Ọ̀jẹ́dòkun bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun ṣe ọba lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ọmọ òun.

"Ìwọ?" Ọ̀jẹ́kúnlé rẹ́rìn-ín. "Bí ìwọ bá dé adé, gbogbo ìlú á ní o jí i gbé ni!"

Ní ọdún náà, Baálẹ̀ Ìgbó-Ọdán ránṣẹ́ pè wọ́n síbi ọdún ìlú. Ọ̀jẹ́dòkun, tí ẹrù ẹgbẹ́ máa ń wà lórí rẹ̀, gbé ìbòjú àti aṣọ eré ṣáájú, ó sì la odò kọjá ní kùtùkùtù. Kí àwọn mẹ́fà yòókù tó dé etí omi, òjò àrọ̀kúrò ti mú odò kún dẹ́nu. Wọn ò lè kọjá.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ìlú ti pé. Tinúadé jókòó níwájú. Ọ̀jẹ́dòkun wà lẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta yí ibi ìmúra ká, òun nìkan. Bí ó bá ní àwọn ẹgbẹ́ òun kò dé, wọn á ní olè ti tan àwọn jẹ, ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká á sì parí síbẹ̀. Èèwọ̀ ni kí eléré kan gbé ìbòjú ẹlòmíràn wọ̀. Ṣùgbọ́n òun tí í jáde gbẹ̀yìn ni ó ti ń wọ àwọn mẹ́fà láṣọ láti ogún ọdún, tí ó sì ń wò wọ́n láti ojú ihò ẹní. Ó gbé adé.

Ọba jáde, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣí fìlà láìmọ̀. Ọdẹ jáde, ó lúgọ, gbogbo agbo sì dákẹ́ kí ẹran tí kò sí níbẹ̀ má bàa sá. Ọ̀mùtí fi ẹ̀rín pa ìlú. Arúgbó jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré lọ fún un lọ́pàá. Ìyàwó tuntun tijú, àwọn ọmọge náà wolẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá ìyàwó jáde. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tún gèlè ṣe fún ọmọ tí kò sí níwájú rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, kò lè mú ọwọ́ kúrò. Tinúadé sunkún.

"Ẹ̀fà ti jáde!" ni ẹnì kan kígbe.

Tinúadé nu ojú. "Kí ló wá kù lẹ́yìn ẹ̀fà? Èje náà ni. Olè yẹn ni."

Ọ̀jẹ́dòkun gbọ́ ọ. Ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ nù, ó kó ìbòjú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ àyà, ó sì jáde bẹ́ẹ̀, òógùn bò ó. Ó tò wọ́n síwájú Baálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ dà?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Wọ́n wà ní òdìkejì odò, Baálẹ̀. Láti àárọ̀ ni omi ti dí wọn lọ́nà."

Ẹnì kan sáré lọ wo ẹ̀yìn ẹní. Ó padà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kò sẹ́nì kankan. Ẹni tí ó di ọmọ mú tún un dì mọ́ra.

Tinúadé dìde. "Ìyá tó ń tún gèlè ọmọ rẹ̀ ṣe yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni, ìyá. Bí mo ṣe máa ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí Àyọ̀ká bá ń lọ. Mi ò ṣeré nídìí ìyẹn."

Tinúadé kúnlẹ̀ síwájú gbogbo ìlú. "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ foríjì mí. Mo ka èje, mo rò pé mo kà á tán. Ẹ dájọ́ tí a ó wá tọrọ ọmọ."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tó rò pé òun ti mọ ọ̀rọ̀ dópin, ti ń pa á lówe fún un pé: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.