Àmì Àjẹ̀ Lára Ògiri Ààfin

Òjò pa ògiri, kò pa ohun tí ògiri mọ̀. Ẹni tó bá yára jáde nílé ẹjọ́ ló ń gbàgbé fìlà síbẹ̀. Àwọn ni wọ́n dífá fún Àjàgbé, atukọ̀ èbúté Etídò, lọ́jọ́ tí ẹ̀sùn tí kò jẹ̀bi rẹ̀ fẹ́ gba ọkọ mọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bà mí lẹ́rù títí di òní.

Ní Etídò láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ènìyàn, wọn a fi osùn ya àmì iṣẹ́ rẹ̀ àti ti agbo ilé rẹ̀ sára ògiri iwájú ààfin. Bó bá jẹ́ àgbẹ̀, wọn a ya ọkọ́. Bó bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ, wọn a ya ọmọ owú. Obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́fun ló ń tọ́jú ògiri náà.

Ní ọdún kan, Ọyádọlá oníṣòwò aṣọ wọ ọkọ̀ Àjàgbé. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìdì aṣọ ẹtù kan kò sí nínú ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó figbe ta pé Àjàgbé ja òun lólè. Wọ́n sì ya àjẹ̀, igi tí atukọ̀ fi ń wa ọkọ̀, sára ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, wọ́n rí ìdì ẹtù náà ní ilé ẹ̀gbọ́n Ọyádọlá, níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí.

"Àjàgbé, o jàre," ni ọba wí.

Ọba kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Àjàgbé ti dọ̀bálẹ̀, ó ti dìde, ó ti ń jó lọ sílé. Kò gbọ́ ìyókù. Ìyókù náà ni pé kí Àjàgbé àti ẹni tó fẹ̀sùn kàn án padà wá kí ọjọ́ méje tó pé, kí wọ́n lè fọ àmì náà. Ayọ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń di etí.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Òjò ọdún mẹ́wàá rọ̀ sórí osùn yẹn, kò ṣí. Bí Àjàgbé bá ń kọjá lọ, á rí i, á ní, "Mo ti jàre, kí ló kàn mí?" Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ kò sì wo ògiri, èbúté ni wọ́n ń wò.

Àfi ìgbà tí Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ dàgbà, tí ilé Ọ̀jẹ̀lékè ní àwọn fẹ́ ẹ fún ọmọ àwọn. Kò sí ẹni tó ń gbé ìyàwó láì wádìí ilé, ní Etídò sì rèé, ojú ògiri ni ìwádìí ń parí sí. Ẹ̀rù ba Àjàgbé. Ó sáré tọ àwọn awo rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní ire ń bọ̀. Wọ́n ní kí ó rú ìgbín méjì, ẹfun àti aṣọ funfun. Wọ́n ní ìdajì ẹbọ nìyẹn. Ìdajì kejì ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn àna rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

Àjàgbé gbé ìgbín kalẹ̀. Ó ní ẹnu tòun kì í ṣe ẹran ẹbọ.

Alárinà dé. Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ má bínú o, bí mo ṣe ń bi gbogbo èèyàn ni mo ṣe ń bi yín. Ṣé wọ́n ti fẹ̀sùn kàn yín rí?"

"Rárá o! Ta ló fẹ́ fẹ̀sùn kan èmi?"

Alárinà mu omi, ó dúpẹ́, ó sì gba ọ̀nà ààfin lọ tààrà.

Kò pẹ́ tí ilé Ọ̀jẹ̀lékè fi ránṣẹ́ padà. "Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. À bá bi yín bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó purọ́ lórí ohun tó wà lójú ògiri, kí ni yóò ṣe lórí èyí tó pamọ́?"

Àwẹ̀ró kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàbá mi, ohun tí ẹ ò ṣe, kí ló dé tí ẹ fi ń fi í pamọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Àjàgbé dé ọkàn. Síbẹ̀, kò padà sídìí ẹbọ. Kànìnkànìn àti ọṣẹ ló mú. Lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo ìlú wà lóko, ó lọ ń ha ògiri. Bó ṣe ń ha á, bẹ́ẹ̀ ni osùn ń pọ́n sí i. Ìka rẹ̀ bó, osùn ò bó.

"Àjàgbé, ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

Ìyá Ẹlẹ́fun ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àjàgbé yíjú sí i.

"Ìyá, wọ́n ti dá mi láre."

"Mo mọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń retí rẹ. Ọba ń sọ̀rọ̀, o ò dúró gbọ́ tán. Ọwọ́ tìrẹ ò lè fọ̀ ọ́. Lọ mú ẹnu tó fi í síbẹ̀ wá, kí o sì gbé tìrẹ dání."

Àjàgbé jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Lẹ́yìn náà ló tukọ̀ lọ sí òdìkejì odò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọyádọlá, ó sì rò fún un. Ọyádọlá gbé e dìde. "Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n wá." Ó wọ ọkọ̀ Àjàgbé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ ọjà ni. Ìlú pé, ilé Ọ̀jẹ̀lékè náà pé. Àjàgbé ro ohun gbogbo, kò fi irọ́ rẹ̀ pamọ́, kò fi kànìnkànìn pamọ́. Ọyádọlá na ọwọ́ sí ògiri. "Ẹnu mi ló fi àmì yìí síbẹ̀. Ẹnu mi náà ló ní kó kúrò. Àjàgbé kò jí aṣọ mi."

Ìyá Ẹlẹ́fun fọ́ ìdí ìgbín méjì tí Àjàgbé mú wá. Omi ìgbín kán sínú ẹfun. Ó bù ú, ó dà á sára ògiri lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Osùn tí òjò ọdún mẹ́wàá kò rí ṣe, ó ṣàn wálẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ọba fúnra rẹ̀ dìde dúró.

Orí Ọ̀jẹ̀lékè wú, ó ní, "Ẹni tó lè sọ báyìí níwájú ìlú, àna wa ni."

Àjàgbé ń jó, ó ń yin àwọn awo rẹ̀. Àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ, òun ló gé ẹbọ sí méjì. Ẹni tó rú ìdajì, ìdajì ire ló ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá sì dá láre, kí ó dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Ẹlẹ́fun kò jẹ́ kí wọ́n ya àmì kankan sí ojú ibẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró ń lọ sílé ọkọ, ó yà níbẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ẹfun nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí osùn.