Òdòdó Ìbídùn

Ohun tí Ọlọ́run kò pa, kò sẹ́ni tó lè pa á.

Nígbà tí Akínṣọlá fẹ́ Ẹniafẹ́, Ìbídùn, ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀, ti kú. Òdòdó tí olóògbé fi sílẹ̀, irú èyí tó máa ń hù lára igi, ń rọ lọ lójú fèrèsé. Àràárọ̀ ni Akínṣọlá ń nu ewé rẹ̀, tó ń fi orúkọ Ìbídùn pè é jẹ́jẹ́. Owú ń jó Ẹniafẹ́ bí iná. Lọ́jọ́ tí ọkọ rìnrìn àjò, ó fa òdòdó náà tu, ó sì jù ú sẹ́yìnkùlé. Ó há sáàárín ẹ̀ka igi máńgòrò tó yọ sójú pópó.

“Ó ti kú,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó dé.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò òdòdó náà dì mọ́ igi, ó sì tanná funfun. Akínṣọlá pe Ẹniafẹ́ síbẹ̀.

“Ta ló gbé e síbí?”

Ẹniafẹ́ kúnlẹ̀. “Èmi ni mo jù ú nù. Mo fẹ́ kí ẹ gbàgbé olóògbé ni.”

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè wo òdòdó náà. “Nínú ilé, èmi nìkan ló ń wò ó. Ní báyìí, gbogbo àdúgbò ló ń bi mí pé ta ló ni ín.”

“Kí lẹ wá ń sọ fún wọn?”

“Mo ní ti Ìbídùn ni.”

Orúkọ tí Ẹniafẹ́ kò fẹ́ gbọ́ nínú yàrá ti di ohun tí wọ́n ń pè lójú pópó.