Ihò Ọ̀fẹ́ tí Òkété Gbẹ́

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sílé alájá, kò yà sílé ológbò, ó lọ bà lé orí Àparò àti Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Àparò yé ẹyin sínú koríko, lẹ́yìn oko ẹ̀pà obìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàbí. Ẹyin tó yé lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan ṣoṣo kò pa nínú wọn. Kannakánná ló fà á. Orí igi agbálùmọ̀ ni Kannakánná máa ń jókòó sí látàárọ̀, tí á máa pariwo ibi tí oníkálukú ń lọ. "Àparò ń lọ sápá odò o. Àparò ti yà lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán o." Ẹni tí ebi bá ń pa á kàn tẹ̀ lé ohùn rẹ̀.

"Kí ló kàn án níbẹ̀, Màmá?"

Ìbíyẹmí, kò kàn án rárá. Ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọkàn Àparò kò balẹ̀. Bó bá jáde lọ jẹun, ẹ̀rù á máa bà á láti padà. Bí kò bá sì padà, ẹyin á tutù.

Ọjọ́ kan ni Òkété yọ orí láti inú ilẹ̀. Ó ti gbẹ́ ihò gígùn kan láti ẹ̀bá ọ̀nà wọ inú koríko, ihò náà sì ní ẹnu púpọ̀ lọ́hùn-ún. Ó wá ń fi orin pe èrò. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wá gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá,
"Wọlé wẹ́rẹ́."
N ò gba ẹ̀pà, n ò gba àgbàdo,
"Wọlé wẹ́rẹ́."
Ayé ò ní fojú kàn yín mọ́,
"Wọlé wẹ́rẹ́."

Àparò bi í pé, "Òkété, kí lo máa gbà?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ báwo?"

"Àánú yín ló ń ṣe mí. Mo tilẹ̀ da iyanrìn kúnná sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà máa dùn yín."

"Òkété mà láàánú o."

Àkàngbé, ìwọ tí ọ̀fẹ́ máa ń dùn mọ́ nínú, máa gbọ́.

Àparò wọ ihò. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sídìí ẹyin rẹ̀, ó gba ibẹ̀ padà. Kannakánná wò títí, kò rí nǹkan pariwo. Inú Àparò dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ehoro náà ń gba ibẹ̀, ọ̀yà náà ń gba ibẹ̀, gbogbo wọn ń yin Òkété.

Lọ́jọ́ kan, Àṣàbí ń ro oko ẹ̀pà rẹ̀. Ó rí Àparò lẹ́nu ihò, ó ní, "Àparò, kí ni Òkété yìí ń jẹ?"

"Èwo ló kàn mí níbẹ̀, ìyá? Bóyá ó máa ń jáde lóru."

"Bóyá. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pẹ kankan nítòsí ibí, ẹ̀kùrọ́ tuntun ni mo sì ń rí lẹ́nu ihò rẹ̀. Ta ló ń kó o wá fún un?"

Àparò rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà máa ń fura jù. Ó wọ ihò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọlé. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn níwájú nínú òkùnkùn, ó sì dúró.

Òkété àti Ejò ni. Ejò ti fi ìrù wọ́ ẹ̀kùrọ́ wá, àwọn méjèèjì ń wo iyanrìn ilẹ̀. Òkété ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ ehoro nìyí. Ti Àparò nìyí, ẹnu tó wà lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán ló máa ń gbà jáde. Kì í pẹ́ níta mọ́, ẹyin rẹ̀ ti fẹ́ pa."

Ejò ní, "Ìgbà wo ni kí n lọ?"

"Lọ báyìí. Ó ti lọ jẹun."

Àparò yí padà, ó jáde, ó fò lójú gbogbo ayé. Kannakánná ń pariwo orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Ó dé ìdí ẹyin ṣáájú Ejò.

"Ó kó wọn sá lọ?"

Kí ló fẹ́ fi kó wọn, ọmọ mi? Ẹyin kò ní ẹsẹ̀. Ó dúró lé wọn lórí, ó ń wo koríko bó ṣe ń mì bọ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ àti ti Ejò ṣe mẹ́rin ló fò. Nígbà tó padà, ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí ẹyin.

"Gbogbo wọn?"

Gbogbo wọn, Ìbíyẹmí. Ó dùn ún wọra.

Ó tọ Òkété lọ, ó ń sunkún. Ó ní, "O ní ayé ò ní rí mi."

Òkété ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ jẹ. Ó ní, "Ṣé Kannakánná rí ọ? Ṣé èrò ọ̀nà rí ọ? Mo mú ìlérí mi ṣẹ. Ìgbà wo ni mo sọ pé èmi ò ní rí ọ?"

Láti ọjọ́ náà ni àparò kì í ti bà sídìí ẹyin rẹ̀. Òkèèrè ni yóò bà sí, á wá fẹsẹ̀ rìn wọ́gọwọ̀gọ nínú koríko. Ó pẹ́, ó sì ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni.

"Màmá, VPN ọ̀fẹ́ tí mo fi sórí fóònù yín ńkọ́? Wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí ẹ ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Àkàngbé, ta ni wọ́n?

"Àwọn tó ṣe é ni."

Kí ni wọ́n ń jẹ?

"N ò mọ̀."

Yọ ọ́ kúrò kí o tó sùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Òkété, àwọn kan wà tí a mọ ẹni tó ń bọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi kò le: ẹni tó ń fi yín pamọ́ fún aráyé, òun alára ń rí yín. Bí kò bá gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ wádìí ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá kí ẹ tó wọlé tọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́ mọ́ Òkété, kí ahọ́n mi wúwo nígbà tí ẹ bá wá kí mi láàárọ̀ ọ̀la. Bí n ò bá purọ́, ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe máa dá yín lóhùn ketekete.