Ìtọ̀ Tí Kò Pé

Ọkùnrin kan wà tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹbí ń wojú ara wọn, òun ló kọ́kọ́ dìde: "Ẹ mú ọ̀kan nínú tèmi fún un."

Gbogbo ilé súre fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ti ń bà á. Bó bá wo àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀bẹ ló ń rí.

Dókítà obìnrin kan yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín sọ pé kíndìnrín yín ń sẹ́ ìdọ̀tí dáadáa. Ṣùgbọ́n àfojúdá nìyẹn, a fẹ́ wọ̀n ọ́n gan-an. Ẹ máa tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì yìí láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn: bí ìtọ̀ bá kéré, wọn á ní kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, wọn á dá a padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní bú u. Ló bá ń tọ̀ sẹ́yìn ilé. Díẹ̀ ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, ó ń wẹ̀yìn wò bí olè.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ti ilẹ̀kùn.

"Ìtọ̀ yìí kò pé. Ohun kan wà tí iṣan ara ń tú sínú ìtọ̀ lójúmọ́, a sì mọ bó ṣe máa ń pọ̀ tó. Èyí kéré jù fún ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ báyìí." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Ó ń bà mí, Dókítà."

"Bí ẹ bá ní ẹ ò ṣe mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ òtítọ́ ná."

Ọkùnrin náà tún ìtọ̀ gbà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó pé. Kíndìnrín rẹ̀ dára. Kò wá ríbi sá sí mọ́. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́.

Obìnrin náà ní, "Àlàó, ẹ̀rù àtigbà á ń ba èmi náà. Bí o bá fẹ́ yí ìpinnu rẹ padà, yí i padà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o tàn mí, kí n máa retí."

Àlàó fún un. Ẹ̀rù ṣì ń bà á títí wọ́n fi gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn méjèèjì sì jáde láàyè.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ìlérí kan wà lọ́rùn rẹ tí ò ń bù kù ní ìkọ̀kọ̀. Má ṣe dúró kí òṣùwọ̀n tú àṣírí rẹ. Dìde, lọ bá ẹni náà, kí o sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó ṣì ń retí rẹ.